Òpó Tí A Gbìn Sínú Àgbá

Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Àwọn páńẹ́lì iná oòrùn wa gúnlẹ̀ lónìí. Méjìdínlọ́gọ́ta. Ọgọ́ta la rà, méjì fọ́ ní Agric, n'Ìkòròdú, kí wọ́n tó fojú kan omi, lọ́wọ́ àwọn alágbàárù tó búra pé láti kékeré làwọn ti ń gbé dígí. Benjamin Bámgbóṣé àtàwọn ará Àgọ́, àwọn apẹja tó tẹ̀dó sétí omi wa, ló fi ọkọ̀ wọn kó wọn láti èbúté Ìkòròdú wá. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìlú. Ká ní mọ́tò la fi kó o gba ọ̀nà Ìtòìkín ni, à bá máa gbá dígí kiri títí di ọdún tó ń bọ̀.

Mo dúró lórí ìyanrìn pẹ̀lú ìwé àti bírò, mò ń ka páńẹ́lì bí mo ṣe ń ka ọmọ lórí ìlà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣe tíṣà, n kò rí ọmọ tó dákẹ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọyẹ́ ṣì mú, ètè mi ti là.

Lois, ìyàwó Benjamin, jókòó ti páńẹ́lì kan, ó ń fi etí ìró nu eruku ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì la ti jọ ń ṣòwò ẹja: òun a yan án, èmi a gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó bi mí bóyá iná yìí máa dé Àgọ́ àwọn lóòótọ́, tàbí ojú lásán ni wọ́n máa fi rí i láti etí omi.

Mo ní, "Lois, bí kò bá tàn nílé tìẹ, kò ní tàn nílé tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà ṣe bí ẹni tí kò sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ti gbẹ́ ihò òpó tán. Méjìlélógún láàárín ìlú, mẹ́fà ní Àgọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Àgọ́ ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn tiwa dúró, wọ́n ń fọwọ́ júwe. Ní Àgọ́, iyanrìn ń ya padà sínú ihò, ni Benjamin bá fi pákó ọkọ̀ tó ti gbó há inú ihò kọ̀ọ̀kan yíká. Lois fúnra rẹ̀ ló sọ ibi tí ìkẹfà máa wà: iwájú àtíbàbà tó ti ń yan ẹja gan-an, kó lè máa rí ẹ̀yìn ẹja tó bá ń yí i.

Fàsásì, oníná tí a mú wá láti Ìkòròdú, ní ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kọnkéré ibẹ̀ ní láti jìn. Ó jẹ ẹ̀bà méjì nílé mi, ó tún bèèrè ẹja.

Ọjọ́rú, 22 Ṣẹ́rẹ́

Bẹntiróòlù ti di ẹgbẹ̀rún náírà lítà kan ní Ejinrin. Yìnyín tí mo rà ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ti di omi kí ọ̀sán tó pọ́n, ọbọ̀kún mẹ́rìnlá sì rà mọ́ mi lọ́wọ́. Lois ní kí n jẹ́ kí òun fi ìyókù yan, àmọ́ ẹja tó ti yíwọ́ kò gbọ́ èéfín.

Ọdún kẹfà rèé tí tiransífọ́mà ìjọba ti kú lójú títì. Ẹyẹ ti pa á lẹ́ẹ̀kan, òjò pa á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Àwọn tó ń mú bíìlì wá kò kú ní tiwọn. Èyí tí a ń ṣe yìí, tiwa ni. Lẹ́yìn iná ilé, ilé yìnyín ló kàn, ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, tí ẹja Àgọ́ máa máa sùn sí mọ́jú. Kí n kàn rí ọjọ́ tí n kò ní ju ọbọ̀kún nù mọ́.

Jímọ̀, 31 Ṣẹ́rẹ́

Ìpàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Inú ń bí mi débi pé bírò yìí ń ya ìwé.

Bọ̀dá mi, Alhaji Sànní, tó jẹ́ olórí ẹbí, tó sì tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ iná, ló ṣí ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn àgbà ti jókòó, wọ́n sì ti rí i pé òpó kò gbọdọ̀ wọ Àgọ́. Mo rò pé etí mi ló di. Mo ní àwọn tó gbé páńẹ́lì wá ńkọ́, àwọn tó gbẹ́ ihò? Ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Adéòjó, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, ló là á mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń kọ́ ọmọdé. "Kí ni àlejò ń gbìn? Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata. Ṣé a rí àlejò tó gbin obì rí? Ṣé a rí èyí tó gbin ọ̀pẹ tàbí àgbọn? Igi tó bá lè pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ, onílé ló ń gbìn ín."

Mo ní òpó iná kì í ṣe igi.

Bọ̀dá mi dá mi lóhùn. "Kúlú, òpó tí wọ́n da kọnkéré sí nídìí, ọjọ́ wo ló máa wú? Tí a bá dé kóòtù lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ìlú fúnra rẹ̀ ló rì í fún àwọn."

Ọdún méjìlélọ́gọ́rin làwọn èèyàn yìí ti wà létí omi, láti ayé bàbá bàbá Benjamin. Wọ́n ń bí síbẹ̀, wọ́n ń sin síbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé agbọ̀n ẹja yíyan wá fún ẹbí wa, ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè kí wọ́n tó gbé e dé. Kò sẹ́ni tó ní kóòtù lọ́kàn àfi àwa.

Àìkú, 2 Èrèlé

Ó yẹ kí n lọ bá Lois. N kò lọ. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Mo lọ bá bọ̀dá mi nílé, àwa méjì péré. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Mo rán an létí ọdún tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé Benjamin ló bẹ́ sínú ọ̀sà lọ mú un jáde. Ó ní òun kò gbàgbé, òun kò sì kórìíra ẹnikẹ́ni. Ó ń fi tẹ̀súbà rẹ̀ ṣeré.

"Ta ló sọ fún ẹ pé àwa la ni ilẹ̀ yìí látilẹ̀wá?" ó ní. "Àlejò ni bàbá ńlá wa. Ibi tí yóò sá àwọ̀n sí ló tọrọ. Àgbọn mẹ́ta ló gbìn, ó ní nítorí òjìji ni. Nígbà tí wọ́n wá ní kó kúrò, ó nawọ́ sí àgbọn. Àwọn tó gbà á lálejò dà lónìí, Kúlú? Ohun tí a fi gba ilẹ̀ yìí la ń ṣọ́."

Ìdí-Àgbọn ni wọ́n ń pe ìlú yìí. Mo ti kọ orúkọ náà sójú pátákó fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní láìmọye ìgbà, mo rò pé nítorí pé àgbọn dùn ni.

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Ó ti bọ́ sí i. Ata tí mo gbìn sínú garawa lẹ́nu ọ̀nà ni mò ń bomi rin láàárọ̀ tí ó fi sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tó wà nínú garawa kò sí nínú ilẹ̀. Tí a bá gbé òpó Àgọ́ kalẹ̀ sínú àgbá, tí a rọ iyanrìn kún inú rẹ̀, òpó náà kò wọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbé e kúrò nígbà tó bá fẹ́. Kò gbin ohunkóhun.

Mo sáré lọ sọ fún àwọn àgbà. Bàbá Adéòjó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìwé tí ọmọ yìí kà kò ṣòfò. Bọ̀dá mi ní òun fara mọ́ ọn. Fàsásì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mummy, atẹ́gùn ọ̀sà ò mọ̀ pé ẹ ti ṣe àdéhùn o. Òpó yẹn á ṣubú." Mo ní kó wá okùn tó le dè é. Ó ní okùn kì í ṣe kọnkéré. Mo ní kó ṣe iṣẹ́ tí a pè é sí.

Mo wúga wálé. Mo jẹ iyán lálẹ́.

Ajé, 17 Èrèlé

Wọ́n gbé àgbá mẹ́fà dé Àgọ́. Àgbá epo àtijọ́ ni wọ́n, ìpẹtà ti ń jẹ wọ́n nídìí. Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò mẹ́fà tí àwọn ọ̀dọ́ Àgọ́ ti gbẹ́, wọ́n sì fi pákó bo àwọn ihò náà kí ọmọdé má baà jìn sí i.

Benjamin yí àgbá kan po, ó fẹsẹ̀ tì í díẹ̀, ó wò mí. Ó bi mí bóyá inú àgbá ni òpó tiwa náà wà láàárín ìlú. Mo ní rárá. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́bìrì bu iyanrìn sí i. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Lois ní, "Tíṣà, ó tó. Ẹni tí kò rí iná rí kì í bèèrè ohun tí wọ́n gbé e lé."

Jímọ̀, 28 Èrèlé

Iná tàn!

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo se sààrì lábẹ́ gílóòbù, mo rí òkúta inú ẹ̀wà kedere fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Mo ti jẹ òkúta púpọ̀ láyé mi.

Lánàá, mo kọ́kọ́ dúró kí n tó tẹ ohun tí wọ́n fi ń tan iná. Àfi ìgbà tí mo yọjú lójú fèrèsé tí mo rí i pé Àgọ́ ti mọ́lẹ̀ yòò létí omi, ni mo tó tan tèmi. Mo mú ìlérí mi ṣẹ, tàbí mo rò pé mo mú un ṣẹ.

Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ti parí ilé yìnyín, ó sì dára. Lois kó agbọ̀n méje wọlé lánàá, ó kó méje jáde lónìí, ojú ẹja ṣì ń tàn. Mo tà á ní Ẹ̀pẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tó máa ń yọ ṣùtì sí ẹja mi tẹ̀lé mi dé ìdíkọ̀, ó ní ibo ni mo ti ń rí i. Mo ní ilé ni. Ẹ̀rín pa mí nínú ọkọ̀ títí dé Ejinrin, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu.

Fàsásì wá wo òpó Àgọ́. Ó ní ìkẹfà, èyí tó wà níwájú àtíbàbà Lois, ti fì díẹ̀ sí apá omi. Ó fi okùn kún un, ó ní tí atẹ́gùn bá fẹ́ gbé e, kí ẹnì kan tètè fa okùn náà le mọ́ igi àtíbàbà. Èmi ni mo lọ sọ ọ́ fún Lois. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ bí yóò ṣe dì í. Mo ní kó wò mí dáadáa, kó tún un ṣe kí n rí i. Ó tún un ṣe. Mo yìn ín bí ẹni yin ọmọ kíláàsì mi.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Àná ló ṣẹlẹ̀. N kò lè kọ ọ́ lánàá.

Ó ku bí wákàtí kan ká ṣínu. Ọ̀run dúdú láti apá Ẹ̀pẹ́, atẹ́gùn sì dé kí òjò tó dé. Òjò àkọ́rọ̀ kì í fọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni. Páànù ilé ìwé kan fò kọjá lójú mi. Mo ń kó aṣọ wọlé nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti Àgọ́, mo sì mọ̀. Mo sáré láìwọ bàtà.

Lois ti jáde lọ fa okùn. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ti dè é tán pàápàá, ó dè é dáadáa, àgbá ni kò dúró. Ìdí rẹ̀ tó ti dípẹtà ya, iyanrìn tú jáde, òpó sì wó lu àtíbàbà àti Lois lábẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀rọ Fàsásì pa iná fúnra rẹ̀, ìbá jẹ́ òkú là ń sọ. Benjamin àti ọkùnrin mẹ́rin ló gbé òpó kúrò lára rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ kí apá wà.

Ó rí mi. Ó ní, "Tíṣà, mo dè é o." Bí ọmọ tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má nà án.

Inú ọkọ̀ Benjamin la gbé e sí lọ sí Ẹ̀pẹ́, nínú òjò. Omi òjò ni mo fi ṣínu.

Àbámẹ́ta, 22 Ẹrẹ́nà

Dókítà ní egungun máa jinná. Iṣan ni kò dá a lójú. Lois kò lè ká ìka ọ̀tún rẹ̀ kò. Rachael, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń fún un lóúnjẹ. Mo gbé ọsàn lọ, mo bó o, mo fi sílẹ̀.

Ọwọ́ yẹn ló fi ń yí ẹja. Ọwọ́ yẹn náà ló fi nu páńẹ́lì lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 Ẹrẹ́nà

Ìpàdé. Àwọn àgbà bá Benjamin kẹ́dùn, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan sílẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ tán, Bàbá Adéòjó ní Ọlọ́run ló yọ wá, pé kí wọ́n tú wáyà Àgọ́ títí a ó fi mọ ohun tí a ó ṣe. Ẹ wo ọgbọ́n. Àgbá tí a fún wọn ló wó, àwọn la ó gba iná lọ́wọ́ wọn.

Mo dìde. Mo ní, "Òpó méjìlélógún ló wà nínú kọnkéré láàárín ìlú yìí. Èwo ló fì nínú wọn? Àwa la ṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yẹn, èmi ni mo sì júwe bí wọ́n ṣe máa ṣẹ́ ẹ."

Gbogbo wọn wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bèèrè bóyá kánópì mẹ́rin máa tó lọ́jọ́ tí káńsẹ́lọ̀ bá wá ṣí iná, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kánópì.

Kí n tó délé, wọ́n ti ń tú wáyà Àgọ́. Mo gun àga, mo tú gílóòbù mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá àtùpà mi rí lábẹ́ ibùsùn. Ìlérí ni ìlérí ń jẹ́.

Jímọ̀, 28 Ẹrẹ́nà

Bọ̀dá mi wá, ó bá mi nínú òkùnkùn. Ó ní ṣé mo fẹ́ dójú ti òun ni, kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ iná máa tan àtùpà. Mo ní kó jókòó tó bá ń ríran.

Àìkú, 30 Ẹrẹ́nà. Ìtúnu

Mo gbé ìrẹsì àti ẹran lọ fún Lois bí mo ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ó ti kúrò ní ilé ìwòsàn, apá rẹ̀ wà lọ́rùn. A jókòó, a sọ̀rọ̀ òjò. Ní ìrọ̀lẹ́, Rachael dá abọ́ mi padà. Láti ọdún táláyé ti dáyé, Lois kò dá abọ́ mi padà lófo rí: ó lè jẹ́ edé díẹ̀, ó lè jẹ́ orí ẹja kan. Lónìí abọ́ náà mọ́ tónítóní, ó ti gbẹ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 8 Igbe

Wọ́n ń tú ilé ní Àgọ́. Mo rò pé páànù ni wọ́n ń tún ṣe lẹ́yìn ìjì. Àfi ìgbà tí mo rí i pé wọ́n ń fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń nà án tọ́, wọ́n ń jù ú sínú agolo. Ẹni tó ń tún ilé ṣe kì í kó ìṣó jọ báyẹn.

Mo bi Benjamin. Ó ní àwọn ará kan ní òdìkejì ọ̀sà ti fún àwọn níbi kan. Mo ní ṣé iná wà níbẹ̀? Ó ní kò sí, àmọ́ wọ́n ní kí àwọn gbin ohun tó bá wu àwọn.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Ó fà mí dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin kọ́." Ká ní ó sọ pé èmi ni, mo lè sùn.

Ọjọ́bọ̀, 17 Igbe

Wọ́n lọ láàárọ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ ṣe Àjíǹde níbi tuntun. Ilé mẹ́tàdínlógún wọ ọkọ̀ mọ́kànlá. Kí wọ́n tó lọ, Benjamin gbé agbọ̀n ẹja yíyan lọ fún bọ̀dá mi, ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí pé pérépéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń gbé e wá. Rachael ló yan án, ó jóná díẹ̀ létí. Lórí ẹja náà ni gílóòbù wọn wà, mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fọ́.

Bọ̀dá mi gbà á. Ó gbé agbọ̀n náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì gbé e wọlé títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Lois jókòó sídìí ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ìlú. Mo dúró nínú omi dé orúnkún. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, kò wẹ̀yìn.

Jímọ̀, 18 Igbe

Kò sí ẹja. Ọbọ̀kún tí mò ń rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́wọ́ Lois, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni ní Ẹ̀pẹ́ lónìí, ó sì ti rẹ̀. Bọ̀dá mi rán mi pé kí n kọ ọ̀rọ̀ tí yóò kà lọ́la. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé ìlú wa ti dá dúró, a kò gbára lé ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 19 Igbe

Káńsẹ́lọ̀ dé ní aago mọ́kànlá, ó gé rìbọ́nnì, ó ní Ìdí-Àgbọn ni kí gbogbo ìlú Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kánópì mẹ́rin tó. Nígbà tí wọ́n mú un lọ wo ilé yìnyín, bọ̀dá mi ṣílẹ̀kùn fún un, òtútù fẹ́ sí wa lójú, àpò omi tútù mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn àlejò. Káńsẹ́lọ̀ bèèrè pé ẹja dà. Bàbá Adéòjó ní àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Wọ́n ya fọ́tò.

Mo yọ́ kúrò láàárín wọn, mo gba etí omi lọ. Ní Àgọ́, àmì ilé ló kù, igun mẹ́rin mẹ́rin nínú iyanrìn. Àgbá márùn-ún ṣì dúró pẹ̀lú òpó wọn, kò sí wáyà lórí. Mo ń wo ilẹ̀ kí n má baà jìn sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ ní Ṣẹ́rẹ́. Pákó ṣì bo márùn-ún.

Ìkẹfà, èyí tó wà níwájú ibi tí àtíbàbà Lois wà, kò ní pákó lórí mọ́. Wọ́n ti fi ilẹ̀ dúdú kún un, wọ́n sì gbin àgbọn kan sí i. Ó ti yọ ewé méjì, gígùn rẹ̀ kò ju apá mi lọ. Wọ́n tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, àmì ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ṣì wà níbẹ̀ yíká. Mo wò ó, mo tún un wò. Kò sí àmì ọwọ́ ọ̀tún kankan. Òsì ni gbogbo rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé. Èmi ni ọmọ onílé. Mo mọ ohun tí àgbọn ń sọ nínú ìlú yìí, mo sì mọ iye ọdún tó máa fi so.

Mo wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ ní pápá ilé ìwé. Mo bọ́ gèlè mi, mo rì í sínú ọ̀sà, mo fún omi rẹ̀ sí ìdí àgbọn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n tó rántí pé omi ọ̀sà ti ní iyọ̀ nínú lásìkò yìí. Mo padà sílé, mo lọ pọn omi kànga.